Ọ̀sẹ̀ Tí Àwọn Tó Gbọgbẹ́ Dínkù

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Màámi,

Orí àga ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, torí yàrá tí wọ́n fún mi níbí kéré débi pé tí mo bá kúnlẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ mi á yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ yín tó ń wú ti ń fúyẹ́? Ṣé Wẹ́dà, àbúrò mi, ń jẹ́ kí ẹ sinmi?

Èmi wà dáadáa. Ó pé ọdún kan gééré lónìí tí mo kúrò nílé. Ẹ̀kọ́ kan tí a bẹ̀rẹ̀ ní sáà yìí ló ń gba gbogbo àkókò mi. Tí dókítà bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe èèyàn kan, á yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ìlú, a máa ń ka iye àwọn tí nǹkan ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó tò wọ́n tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn, a ó wá wo bí iye náà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, bóyá ó ní àsìkò tó máa ń padà wá, bóyá ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan tó yí i padà. Obìnrin tó ń kọ́ wa sọ pé iye tí kò ní ọjọ́ lára, bí òkú tí kò ní orúkọ ni.

Ó ní kí kálukú wá òǹkà láti ibi tó mọ̀. Ẹnìkan mú ikọ́, ẹnìkan mú ibà. Èmi sọ pé yàrá pàjáwìrì ni màámi ti ń rán ọgbẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi wo rẹ́jísítà yín. Iye àwọn tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú ọgbẹ́ àdá tàbí ọta ìbọn ni mo fẹ́, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́ta tó parí yìí. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ orí wọn, ọkùnrin tàbí obìnrin, ó tó. Kí ẹ tún bá mi kọ iye àwọn tó ṣubú, àwọn tí alùpùpù gbé ṣubú náà. Olùkọ́ wa ní òǹkà kan kì í dá rìn, ó gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́gbẹ́ tí a ó fi wé e.

Ẹ sọ fún Wẹ́dà pé láti oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ni n kò ti rí lẹ́tà rẹ̀. Ṣé irin tó ń jó pọ̀ ti jó ọkàn rẹ̀ náà ni?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Oníbéèrè mi, ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè kó tó gba ọmú,

O kú òtútù, o kú ìwé kíkà. Mo rí lẹ́tà rẹ, mo kà á fún ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe olórí ilé ìfọṣọ wa. Ó bi mí pé kí ni ọmọ mi wá ń kọ́ gan-an. Mo ní ó ń ka àwọn tí wọ́n ṣá ládàá. Ó ní ṣé èyí tí àwa ń kà níbí kò tó ni. Èmi náà rò pé o lọ kọ́ bí a ṣe ń wo àìsàn, àṣé ìlà lo lọ ń fà.

Ọ̀sán mẹ́fà ni mo fi jókòó sórí àpótí nínú yàrá oògùn tí mo ń dà á kọ. Òǹkà lo béèrè, ojú ni èmi ń rí. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo kọ mẹ́tàlélógún. Nínú wọn ni alápatà kan wà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ dání nínú àpò ọ̀rá. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi so ó padà kó tó tutù." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n la ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Bí mo ṣe ń rán an, ó ń bi mí bóyá òun ṣì lẹ́wà. Mo ní ó lẹ́wà. Ó kú kí n tó so òwú.

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Àdúgbò òkè á ṣá ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á gbẹ̀san. Kò sẹ́ni tó rántí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí mọ́.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ bí o ṣe fẹ́, ó wà nínú àpò ìwé yìí. Bá mi wá ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn ránṣẹ́ tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n ń fún wa níbí ń ya bí ewé.

Ní ti àbúrò rẹ, ara rẹ̀ le. Ọwọ́ rẹ̀ ló dí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ìnira. Ẹ kú àdàkọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ìbọ̀wọ́ ń bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń padà wálé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òǹkà yín fi hàn mí. Ọ̀sẹ̀ burúkú kì í dá wá. Tí iye ọ̀sẹ̀ kan bá ga, ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e náà á ga, á wá máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí òmíràn á fi tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀san ni, ẹ̀san sì ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ní oṣù tí òjò bá pọ̀, wọn kì í jà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rí bẹ́ẹ̀. Mo tú u palẹ̀, mo yọ ti òjò kúrò, mo yọ ti ẹ̀san kúrò, kí n lè rí ohun tó kù.

Ohun tó kù ló yà mí lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ kọkàndínlọ́gọ́fà, ní àárín oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, ìlà náà já. Kó tó di ìgbà yẹn, méjìdínlógún, ogún, mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́ta, méjì, mẹ́rin, òdo. Kò sì gòkè mọ́ títí ọdún fi parí. Mo wá inú ìwé ìròyìn, mo rí i pé ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba gbé ikọ̀ agbófinró tuntun wá sí ìlú wa.

Olùkọ́ mi wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní àwọn mìíràn á fi ogún ọdún ṣèwádìí, wọn ò ní rí ìlà tó já geere báyìí. Ìpàdé ńlá kan ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án, àwọn tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn á wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dín ìjà kù, kí wọ́n lè gbé e lọ sí ìlú mẹ́rin mìíràn. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, èmi ọmọ nọ́ọ̀sì.

Ẹ sọ ohun tí ẹ fi ojú yín rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn fún mi. Kí ni ikọ̀ yẹn ṣe? Kí ẹ sì jẹ́ kí Wẹ́dà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà méjì sí mi. "Ara rẹ̀ le" kì í ṣe lẹ́tà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Màámi,

Ọ̀sẹ̀ méje rèé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Tí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ̀ẹ́ ní ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ́ gé e. Kí ni mo ṣe? Wọ́n ti gba iṣẹ́ mi wọlé fún ìpàdé náà. Àlàyé ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù. Ẹ kàn kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ síbẹ̀: ṣé ikọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ìjà dínkù?

Ọmọ yín.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù karùn-ún

Oníbéèrè,

O kú ilé o. Lẹ́tà rẹ dé. Ẹni kan ti ṣí i ṣáájú mi, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà ní wíwọ́. Má fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn mọ́. Fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù aránbàtà tó wà níwájú ilé wa. Má sì bi mí ní ọ̀rọ̀ gidi lórí fóònù mọ́.

Yàrá wa dákẹ́. Mo ń ráyè ká báńdéèjì nísinsìnyí. Dókítà wa ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sí ìlú àwọn àna rẹ̀. Kọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí o kọ, kí o gba ìwé ẹ̀rí rẹ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Ìwọ tí o ti jáde, má bojú wẹ̀yìn.

Àbúrò rẹ ní kí n kí ọ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Màámi,

Ẹ kú ewu lẹ́tà tí wọ́n ṣí. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọgbẹ́ tí a bá bò láìfọ̀, ńṣe ló ń jẹ wọnú.

Mo padà sórí òǹkà ẹlẹ́gbẹ́, àwọn tó ṣubú. Àwọn ìyá arúgbó ṣì ń ṣubú bí wọ́n ṣe ń ṣubú tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọdé ṣì ń já bọ́ lórí igi. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kọkàndínlọ́gọ́fà yẹn, kò sí ọkùnrin kan tó wà láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí márùndínlógójì tí alùpùpù gbé ṣubú nínú ìwé yín. Ẹyọ kan kò sí. Ṣé ikọ̀ agbófinró ló ń di wọ́n mú lórí alùpùpù kí wọ́n má baà ṣubú ni?

Màámi, ìjà kọ́ ló dínkù. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni kò wá sí ilé ìwòsàn mọ́. Kí ló wà nínú yàrá yín tí wọ́n ń sá fún?

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Mo to àwọn lẹ́tà Wẹ́dà bí mo ṣe ń to òǹkà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kò yẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá. Òun náà dá dúró lójijì. Ṣé àbúrò mi wà láàyè?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù keje

Oníbéèrè mi,

Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Mo bí ẹni tó ń béèrè, èmi ni n ó dáhùn. Jókòó kí o tó ka èyí. Àbúrò rẹ wà láàyè. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí o lè ka ìyókù.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ìlà rẹ já yẹn ni, ọ̀sán gangan. Ìjà ńlá ti ṣẹlẹ̀ níbi afárá lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọkùnrin mọ́kànlá ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ń rán itan ọ̀kan lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ mẹ́ta ti ikọ̀ náà dúró níwájú. Ọ̀gá wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kékeré. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Èwo nínú wọn ni wọ́n ṣá ládàá?"

Dókítà dúró síwájú rẹ̀, ó ní, "Aláìsàn ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí ara wọn yá ná, kí ẹ tó bá wọn ṣẹjọ́." Wọ́n fi ìdí ìbọn gún un lọ́fun, ó ṣubú lu àwo abẹ́rẹ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àwọn ọmọ náà sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí a ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ tí a dì yẹn ni wọ́n fi wọ́ ọ. Èyí tí mo ń rán dì mọ́ mi. Abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á, òwú náà ń yọ tẹ̀lé e títí ó fi já ní ìka mi. Ó ń ké pé, "Màmá, ẹ sọ fún wọn pé èmi kọ́." N kò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ni wọ́n kó wọn lọ, níbi tí a ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ mi kọjú sí ògiri. Mo ka ìró ìbọn láti inú yàrá. Ó ju mọ́kànlá lọ, torí àwọn kan kò kú lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù tó wà lórí okùn ni wọ́n fi wé wọn kí wọ́n tó jù wọ́n sínú ọkọ̀.

Ọ̀gá náà padà wọlé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára kọ́tìnnì. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó na kálámù mi sí mi. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ síwájú orúkọ wọn pé ara wọn yá, wọ́n ti lọ sílé." Mo kọ ọ́. Ìgbà mọ́kànlá ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún wá, wọ́n mú méjì. Láti ìgbà náà, kò sí ìyá tó jẹ́ gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, bí alùpùpù ló gbé e ṣubú, bí ìgò ló gé e. Ta ni yóò dúró ṣàlàyé ọgbẹ́ fún ìbọn? Ilé ni wọ́n ń kú sí. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń dà sójú ọgbẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ti àbúrò rẹ. Ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ òkè pàdé rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Wọn kò bi í bóyá ó wà nínú ẹgbẹ́ kankan. Àdúgbò tó ń gbé ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Apá ọ̀tún ló fi gba àdá tó ń bọ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Aránbàtà ló gbé e wọlé, ló wá ránṣẹ́ sí mi lẹ́nu iṣẹ́ pé kí n wá gba bàtà mi. Mo mọ̀ pé n kò fún un ní bàtà kankan.

Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ilé wa sí yàrá tí mo ti ń rán ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì lè gbé tèmi débẹ̀. Mo ń jí oògùn sábẹ́ ìró. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìka rẹ̀ dúdú. Lọ́jọ́ keje, dúdú náà ti ń gun apá bọ̀, yàrá ń rùn, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí. Mo mọ ohun tó kàn. Mo gbé ayùn tó fi ń gé irin, mo sè é nínú omi fún wákàtí kan. Aránbàtà jókòó lé e láyà. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora tí mo rí jí kò ju ẹyọ kan lọ, kò sì dé egungun. A há awọ bàtà sí i lẹ́nu, ó fi eyín gé e já. Òkè ìgbọ̀nwọ́ ni mo ti gé e. Mo rán an, mo nu ilẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní aago méjì, torí tí n kò bá lọ, wọ́n á béèrè mi.

Òun ló ní kí n má sọ fún ọ. Ó ní kí ọ̀kan nínú wa ráyè fi gbogbo ọpọlọ rẹ̀ jókòó sí ibì kan.

O ti gbọ́ báyìí. Jó lẹ́tà yìí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù keje

Màámi,

Mo kà á lórí ìdúró bí ẹ tiẹ̀ ní kí n jókòó. Mo tún kà á, mo sì jó o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka iṣẹ́ tí ayùn ṣe sí ẹ̀bi yín. Ẹ gba ọmọ yín là. Ní ti mọ́kànlá tí ẹ kọ, ìbọn wà lẹ́yìn kálámù yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé díẹ̀ ló kù kí èmi náà kọ ọ́ ní ìgbà kejì, ní ojú gbogbo ayé, pẹ̀lú ìlà tó rẹwà.

Mo lọ bá olùkọ́ mi. Mo ní, "Òdo tí mo kọ síbẹ̀ kì í ṣe òdo. Àwọn tí a kò kà ni." Ó ní, "Ẹ̀rí dà?" Mo ní ìyá mi ló rí i. Ó ní, "Òǹkà ni iṣẹ́ wa, kì í ṣe ẹjọ́. Yọ àlàyé náà kúrò, fi ìlà náà sílẹ̀ bó ṣe wà." Mo ní tí mo bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á gbé ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní ìlú mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, gbogbo èèyàn á mọ ẹni tó da rẹ́jísítà kọ. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ní ọmọ níbí. Ẹ̀mí yín ni mo fẹ́ gbé sórí tábìlì, kò sì tọ́ kí n dá a gbé. Tí ẹ bá ní kí n dákẹ́, n ó dákẹ́, n ó kúrò nínú ìpàdé náà, n kò ní bá yín jà láé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ó tó di ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án.

Wẹ́dà, àbúrò mi, bá mi kọ ìlà kan, ì báà jẹ́ ọwọ́ òsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má wo ìkọ̀wé yìí. Ọwọ́ òsì ni, kò tíì ju ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Màámi kò lè kọ̀wé ni mo ṣe ń kọ ọ́, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìbò, torí a ti bo nǹkan tó nínú ilé yìí.

Nígbà tí lẹ́tà yín dé, màámi kà á, wọ́n tún un kà. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní, "Olùkọ́ rẹ̀ béèrè ẹ̀rí." Wọ́n mú ìwé àjákọ, wọ́n ní kí èmi àti aránbàtà tẹ̀lé àwọn. Ilé dé ilé la lọ. Aránbàtà á ní òun ń wá bàtà tó fẹ́ àtúnṣe. Tí ẹnu ọ̀nà bá ti ṣí, màámi á bi wọ́n pé, "Ta ni wọ́n ṣá níbí tí ẹ kò gbé wá? Ọ̀sẹ̀ wo ni?" Àwọn mìíràn lé wa. Ìgbà náà ni èmi á ká apá ẹ̀wù mi sókè, tí wọ́n á wá sún fún wa lórí bẹ́ńṣì. Ẹ wò ó, apá tí kò sí ṣiṣẹ́ ju èyí tó wà lọ.

Àdúgbò òkè la lọ náà. Nínú ilé kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣá mi ló ṣílẹ̀kùn. Ó mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n. Ìfun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú jáde ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́rin ló fi kú sórí ẹní níbẹ̀. Màámi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ fi orí gbá a nímú, ẹ̀gbọ́n mi, kí n má purọ́. Màámi wò mí, mo sì jókòó.

Láti ọ̀sẹ̀ kọkàndínlọ́gọ́fà yín títí ọdún fi parí, ní àwọn òpópónà tí ẹsẹ̀ wa dé nìkan, irinwó ó dín mẹ́rìnlá ni wọ́n ṣá tàbí tí wọ́n yìnbọn fún tí wọn ò débi ilé ìwòsàn. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn ló kú sílé.

Ẹnìkan nínú àwọn ilé náà lọ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, láàárọ̀, mẹ́rin nínú ikọ̀ náà wọ yàrá pàjáwìrì, wọ́n ní kí màámi mú ìwé wá. Màámi ní ìwé wo. Ọ̀kan fi ìdí ìbọn gbá wọn lẹ́nu, eyín mẹ́rin jáde. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún màámi sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, wọ́n fi gìgísẹ̀ bàtà fọ́ ìka mẹ́ta, wọ́n ń béèrè láàárín ìka kan sí èkejì. Màámi kò sọ. Ọ̀rẹ́ wọn tó ń ṣe olórí ilé ìfọṣọ ló kọ́kọ́ wọlé, òun àti obìnrin méje, korobá omi tó ń hó lọ́wọ́ kálukú. Wọ́n kàn dà á. Ẹni tó tẹ ìka màámi mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ bó. Wọ́n yìnbọn, ọta ba obìnrin kan ní èjìká, àwọn tó kù kò dúró. Àwọn ọkùnrin náà ló sá.

A ti gbé màámi lọ sílé àbúrò wọn, ní ìlú tí n kò ní dárúkọ. Obìnrin tó gbọgbẹ́ wà pẹ̀lú wọn. Ìwé àjákọ náà wà nínú ìtẹ́lẹ̀ bàtà tí ẹni tó gbé lẹ́tà yìí wọ̀. Ẹ bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo bi màámi pé kí ni kí n kọ sí yín. Ẹnu wọn wú, ọ̀rọ̀ kò já gaara. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Kó sọ ọ́. Kó má fi orúkọ mi pamọ́."

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án

Màámi, àti ìwọ àbúrò mi,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Mo sọ ọ́.

Yàrá náà tóbi, èèyàn tó igba ló wà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi ìlà tó já hàn wọ́n. Mo rí i tí wọ́n ń mi orí, tí ọ̀kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wá fi òǹkà inú ìwé àjákọ lé e lórí. Ìlà tuntun náà kò já. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ pẹ̀lú òjò àti ẹ̀san bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ohun tí ikọ̀ yìí dá dúró ni wíwá sí ilé ìwòsàn." Mo wá sọ ti mọ́kànlá náà. Mo sọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, mo sọ ẹni tí wọ́n fipá mú kọ ọ́, mo dárúkọ yín.

Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn dìde. Ó ní, "Ta ló ka àwọn tí kò dé ilé ìwòsàn yìí? Ta ló kọ́ wọn ní iṣẹ́ òǹkà?" Mo ní obìnrin tó ń rán ọgbẹ́ ni, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ní apá kan àti aládùúgbò tó ń rán bàtà. Ó ní irú òǹkà bẹ́ẹ̀ lè ní àṣìṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní àṣìṣe, torí àwọn ilé tí wọ́n lé wọn kò sí nínú rẹ̀. Ó jókòó.

Olùkọ́ mi ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí iṣẹ́ náà. N kò bínú sí i. Wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ ìlú mẹ́rin náà dúró. Wọ́n ní àwọn á rán àwọn aṣèwádìí wá. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á dé. Láti ìgbà náà, n kò lè jẹun. Màámi, ṣé mo pa yín ni àbí mo gbà yín?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejìlá

Oníbéèrè mi,

Ọwọ́ mi nìyí. Ìka méjì ti ń tẹ̀, ẹ̀kẹta kọ̀. O kú àárẹ̀ ọkàn. Mo wà láàyè, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Àbúrò rẹ ní o ti rù nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ó ní tí òun bá fi apá kan jẹun, kí ló ń ṣe ẹni tó ní méjì.

Àwọn aṣèwádìí dé. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n mú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ dání. Mo ròyìn fún wọn ohun tí ikọ̀ náà ṣe, mo sì sọ ohun tí èmi fi kálámù ṣe. Ìyá mẹ́sàn-án nínú àwọn ìyá mọ́kànlá wà nínú yàrá náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ohun tí mo kọ nìyẹn. Ìyá èyí tí mo ń rán itan rẹ̀ lọ́jọ́ náà dìde, ó gbá mi létí, ó padà jókòó. N kò dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá ọmọ òun sọ̀rọ̀ kan. Mo sọ ohun tó sọ fún un.

Wọ́n ti kó ikọ̀ náà kúrò. Ọ̀gá wọn ni wọn kò dá lẹ́jọ́. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn, ibòmíràn yẹn sì ní àwọn ìyá tirẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ṣì ń ṣá ara wọn. Obìnrin ilé ìfọṣọ tí ọta bà kò lè gbé apá rẹ̀ kọjá èjìká mọ́.

Èmi padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó, àwa àti bẹ́ẹ̀dì òfìfo. Lánàá, ní ọ̀sán, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó fi aṣọ di orí. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ẹ̀wù rẹ̀ dé ìbàdí. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú bí ẹni pé ó fẹ́ fà á padà. Ó tó wákàtí kan tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Mo jáde lọ bá wọn.

Ọmọ náà ní, "Màmá, ṣé wọn ò ní wá?"

Mo fẹ́ sọ pé wọn ò ní wá. Mo ní, "N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí wọ́n bá wá, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà."

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ẹnu mi tí kò ní eyín níwájú, ó wo ìka mi. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lára bẹ́líìtì náà, ọmọ náà sì wọlé.

Ìyá rẹ.